Ohùn La Wọ̀n, Olùkọ́ La Ń Wá

Bàbá mi, Àfáà mi,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́hun fẹ sàréè yín, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kó sì fi àlùjánnà ṣe ilé yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi lóhùn. Ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu púpọ̀. Nígbà tí ẹ wà láyé náà, bí mo bá bi yín ní nǹkan, òkè àjà lẹ máa ń wò, ẹ ó máa rún obì yín lọ, èmi náà ni mo máa ń dá ara mi lóhùn nígbẹ̀yìn. Torí náà ẹ jẹ́ kí n máa sọ tèmi.

Ilé wà dáadáa. Mo ti fi koríko tuntun bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú kí òjò tó dé, torí tí mo bá ní kí n dúró de Bàbá Kékeré àbúrò yín, orí àwọn ọmọ kéwú ni òjò ìbá rọ̀ sí. Ara Ìyá le. Àràárọ̀ ni wọ́n ṣì ń rọ omi sínú bútà àlùwàlá yín, wọ́n á gbé e sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹ fẹ́ jáde. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ṣé bútà náà ń bá mi jẹun ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀.

Réluwéè tí ẹ máa ń sọ pé ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ ti ń kó kóró òrí lọ sí Èkó báyìí. Ìdíkọ̀ ni mo máa ń wà láti àárọ̀. Iṣẹ́ tí mo kọ́ nílé ìṣòwò òyìnbó ní Lọ́kọ́ja náà ni mo ń ṣe: àwọn àgbẹ̀ á gbé àpò dé, èmi ni màá yẹ̀ ẹ́ wò kí òyìnbó tó gbà á. Ẹ rántí pé nígbà tí mo ti Lọ́kọ́ja dé, gbogbo ará ilé ló ń bi mí ohun tí mo mú bọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí pé ta ni mò ń bá jẹun níbẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń rántí ìyẹn lónìí.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó ni ọ̀rọ̀ awọ àgbò yín, èyí tí ẹ máa ń jókòó lé kọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ ni ilé kéwú yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ẹ ò sì sọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Kí ló dé, Bàbá? Àìsàn yín ò yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ráyè sọ ẹni tó máa kó àgùntàn. Ẹ ráyè sọ ẹni tó máa ni igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó kan awọ, ẹ dákẹ́.

Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn lọ. Wọn ò bá wa jà, wọn ò sọ̀rọ̀ burúkú. Ẹ kàn máa rí i pé ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wa lánàá ti ń gbé wàláà rẹ̀, pátákó tó fi ń kéwú, kọjá níwájú ilé wa lọ sí ilé kéwú tó wà lápá ọ̀hún, ó ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí wa. Mo pe ìpàdé ẹbí. Bàbá Kékeré ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àbúrò yín tó dàgbà jù.

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù," ni wọ́n wí. "Tí ààwẹ̀ bá dé, tí wọ́n bá ka Àlùkùránì níwájú ìjọ, a ó rí ẹni tí Ọlọ́hun gbé e lé lẹ́nu."

Mo ní, "Bàbá Kékeré, kí ààwẹ̀ tó dé, ewúrẹ́ nìkan ni yóò kù tí ẹ máa rí kọ́ ní kéwú nínú ilé yìí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá Kékeré. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ká má dúró de ààwẹ̀. Wọ́n ní ká ṣe é ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, tí a bá ti kírun tán.

Ẹni méjì ló wà nílẹ̀. Sálíù àbúrò mi, ọmọ yín, tó ti há Àlùkùránì sórí kó tó hu irùngbọ̀n. Èkejì ni Yúsúfù, ọmọ àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ mú wá fún yín láti abúlé kan lọ́nà Ṣàó nígbà tó ṣì kéré, tó sì ti di ara ilé títí débi pé Ìyá máa ń gbàgbé pé àwọn kọ́ ni wọ́n bí i.

Bàbá, ẹ mọ ohùn Sálíù. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ó gbé e sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún gbé e. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n dúró. "Àlááhù Àkíbárù!" ń dún lọ́tùn-ún lósì. Bàbá Kékeré fi etí agbádá nu ojú. Nígbà tó kan Yúsúfù, ó dé ibì kan, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà kó lè tọ́, ó sì ń wúkọ́. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fún un lómi, ẹ̀wà sísun ló jẹ bọ̀!" A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n mú Sálíù lọ́wọ́, wọ́n fi í jókòó lórí awọ, inú mi sì dùn gidi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi falẹ̀ di ààwẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan la fi parí rẹ̀.

Àwọn ọmọ padà. Tuntun tún wá kún wọn. Láti ìta, kò sí ilé kéwú tó dùn ún gbọ́ tó tiwa, torí Sálíù ń gbé ohùn, àwọn ọmọ ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo àdúgbò ń mì. Àwọn ìyá á dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n á máa tẹ́tí sí i bóyá wọ́n á gbọ́ ohùn ọmọ tiwọn. Mo máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń bọ̀ láti ìdíkọ̀, ara mi á sì balẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan réluwéè ò wá, mo tètè délé. Mo bá Sáfú, ọmọ ìyá aláró tó wà lẹ́yìnkùlé wa, lábẹ́ igi ọsàn, òun nìkan, ó gbé wàláà lé itan, ó ń kà geere. Mo dúró wò ó, torí ó wù mí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn. Bàbá, orí wàláà ló wà nísàlẹ̀. Ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì ń kà á lọ.

"Sáfú, tún un dì mú."

Ó yí i padà. Kò tilẹ̀ dá ẹnu dúró.

Mo fi ìka lé lẹ́tà kan láàárín. "Kí nìyí?"

Ó wo ìka mi, ó wo ojú mi, ó sáré padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbé ohùn bọ̀ láti òkè kó lè débẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti kọjá ibẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n tún un gbé," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ fi ìka dí mi lọ́nà."

Mo pe àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ẹ̀yin fúnra yín ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó lọ, ibi tí mo bá fọwọ́ sí ni wọ́n ń dárúkọ, ìbáà jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Sálíù ò mọ̀ ju ohùn lọ. Ẹni bíi mẹ́rin ló mọ̀nà, àwọn tó kù ń tẹ̀lé wọn bí agbo àgùntàn. Láti ìta, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti ń ké pọ̀, ẹni tó mọ̀ ti gbé ẹni tí kò mọ̀ pọ̀n sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní kí n tó fọwọ́ kan ọjà, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Òṣùwọ̀n á sọ bí àpò ṣe wúwo tó. Kò ní sọ bóyá omi ló wúwo níbẹ̀. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá kóró gbẹ, mo ní láti fọ́ ọ. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ àpò rí bí ẹnu rẹ̀, mo ní láti ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, torí kò sí àgbẹ̀ tí í fi kóró tó rà sókè. Ẹni tó bá gbé àpò lé òṣùwọ̀n, tó wá ń sọ fún òyìnbó pé kóró gbẹ, wọ́n á ti lé e lọ sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí a ṣe ní Jímọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó lè kọ́ ọmọ tí kò mọ alífù la ń wá. A wá ní kí wọ́n ka Àlùkùránì sétí àgbàlagbà tó ti mọ̀ ọ́n.

Mo lọ bá Bàbá Kékeré. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ìwọ oníkóró òrí yìí, ṣé o fẹ́ gbé iṣẹ́ Ọlọ́hun lé òṣùwọ̀n òyìnbó ni?"

"Rárá o. A ti gbé e lé òṣùwọ̀n tẹ́lẹ̀, èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ohùn la wọ̀n, olùkọ́ la ń wá."

"Bàbá rẹ ńkọ́? Kí ni òun fi ń wọn ọmọ?"

Mo kí wọn, mo jáde. Ọ̀nà ilé ni ìdáhùn ti yé mi. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹ pe ọmọ síwájú òbí rẹ̀ pé kó kà. Ìgbà tí ọmọ bá ń bu omi àlùwàlá sí yín lọ́wọ́ ni ẹ máa ń bi í pé àmì mélòó ló wà lórí lẹ́tà táù. Ẹ ó mú ọ̀pá yín, ẹ ó fa nǹkan kan sí erùpẹ̀, ẹ ó ní, "Ta nìyí, ọ̀gbẹ́ni?" Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní bínú, ẹ ò ní sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà náà ni yóò bá lórí wàláà rẹ̀. Eré ni mo pe gbogbo ìyẹn nígbà náà. Mo tilẹ̀ ti sọ fún Ìyá rí pé Bàbá ń fi àkókò ṣòfò.

Mo padà lọ sọ ọ́ fún Bàbá Kékeré, wọ́n sì gbà ká dán an wò. A kó àwọn ọmọ tuntun jọ, àwọn tí wọn ò tíì mọ alífù yàtọ̀ sí igi ìdáná. A ṣẹ́ kèké, a pín wọn sí méjì, apá kan fún Sálíù, apá kan fún Yúsúfù. Mo ní tí oṣù tuntun bá lé, màá yẹ̀ wọ́n wò. Sálíù bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àdúgbò ti gbà mí. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbà mí?"

Mo ní, "Mo gbà ọ́. Ohun tí mo gbà ọ́ fún ni mo fẹ́ mọ̀."

Kò dùn mọ́ ọn nínú. Èmi ò sì ní àkókò láti máa ro ìyẹn.

Nígbà tí oṣù lé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi, Bàbá Kékeré, àti àwọn bàbá ọmọ mélòó kan. Mo fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀, mo ń fi í tọ́ka sí lẹ́tà, kì í ṣe ní títẹ̀léra: èyí láti àárín, èyí láti ìparí, òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọmọ ń wọlé. Ti Yúsúfù ń dáhùn. Ti Sálíù ń fẹ́ padà sí òkè lọ mú ohùn bọ̀. Nígbà tó kan Rálíà, ọmọ kékeré kan lápá ti Sálíù, kò lanu rárá. Mo tọ́ka, ó ń wò mí. Mo tún tọ́ka, omi lé e lójú. Mo ní, "Kò mọ̀ ọ́n. Ó kù ẹni tó kàn."

Ìgbà yẹn ni Ìyá jáde láti inú ilé.

"Ẹ̀yin ọkùnrin tó tó báyìí! Ẹ pagbo yí ọmọ ká bí ẹni tó fẹ́ dúńbú ẹran, ẹ wá ní kó sọ̀rọ̀. Ta ni yóò sọ̀rọ̀?"

Ìyá bu yanrìn sínú àwo, wọ́n gbé e síwájú ọmọ náà, wọ́n ní kó kẹ́yìn sí wa kó má baà rí wa. "Rálíà mi, kọ táù fún mi." Ó fi ìka kọ ọ́. "Kọ jíìmù." Ó kọ ọ́. Kò sí èyí tí wọ́n dárúkọ tí kò kọ. Ìbẹ̀rù ni mo ti ń wọ̀n lára ọmọ náà láti ìgbà tí mo ti ń tọ́ka, mo ń pè é ní àìmọ̀kan. Mo ní kí wọ́n dá gbogbo àwọn tó ti dákẹ́ padà, Ìyá sì fi yanrìn yẹ̀ wọ́n wò. Ti apá méjèèjì ló gbérí. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, kò sí àníàní níbẹ̀: àwọn ti Yúsúfù mọ lẹ́tà, àwọn ti Sálíù kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ojú ẹsẹ̀ ni mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé Yúsúfù ló ni awọ, kí Sálíù máa ka Àlùkùránì fún wa lásìkò ààwẹ̀. Mo rò pé mo pín in dáadáa. Onírúurú ọjà, onírúurú àpò.

Sálíù ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú gègé rẹ̀ àti ìgò tàdáà tó fi ń kọ wàláà, ó gba abúlé àwọn ẹbí Ìyá lọ, kò sì padà. Ọjà kan kọjá, òmíràn kọjá, kò sí ìròyìn. Bàbá Kékeré ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju kíkí lọ. Yúsúfù ò jókòó dáadáa lórí awọ náà, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fi jókòó, bí àlejò. Ìyá gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rò pé wọ́n ń lọ. Wọn ò lọ.

Wọ́n ní, "O wọn àbúrò ẹ bí ẹni tó ń wọn kóró òrí. Kóró tó bá rà, ìwọ a dà á nù. Sálíù ńkọ́? Ibo lo fẹ́ dà á sí?"

Mo ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ gbọ́, Bàbá. Mo ti yẹ àpò wò kọjá kíkà, mi ò sì rò ó rí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wo ènìyàn: ó dára, gbé e wọlé, kò dára, gbé e lọ. Fún kóró òrí, ìyẹn tọ́. Kóró tó rà ò lè padà gbẹ. Ṣùgbọ́n inú ilé kéwú yìí ni ẹ bí mi sí, mo mọ bí wàláà ṣe ń rí. Ọmọ tó bá ka wàláà rẹ̀ tó tọ́, ẹ ó ní kó lọ fọ̀ ọ́, kó wá gba òmíràn. Ọmọ tí kò bá kà á tọ́, ẹ ò ní lé e lọ sílé. Ẹ kàn máa sọ pé, "Má tíì fọ̀ ọ́." Yóò padà jókòó. Òun kan náà ni yóò gbé wá lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn náà yíyẹ̀wò ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà fún ni kí ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Èyí tí mo ṣe fún Sálíù dára fún ìyẹn. Ó fi ibi tó kù sí hàn wá kedere. Èmi ni mo wá fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ kejì mi ò lọ sí ìdíkọ̀. Abúlé ni mo gbà lọ. Mo bá Sálíù nínú oko iṣu, ó ń kọ ebè, bí ó ṣe di ọkọ́ mú ò dára rárá. Ó rí mi, kò dúró.

"Ẹ kú ìrìn, Ẹ̀gbọ́n. Òṣùwọ̀n yín dà?"

"Mo fi sílé."

"Ẹ̀ bá gbé e wá, kí ẹ fi wọn ebè mi."

"Ebè yìí ò nílò òṣùwọ̀n. Ojú lásán ti rí i pé kò dára."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó wá fi ọkọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ohun tí ẹ máa bi wọ́n fún mi. Èmi ń kọ́ wọn kí wọ́n lè kà á jálẹ̀, torí ohun tí gbogbo yín yìn mí fún ní Jímọ̀ nìyẹn. Ẹ wá dé, ẹ mú ọwọ̀ kan dání, ẹ ń gún wàláà káàkiri bí ẹni tó ń wá èèrà. Tí ẹ bá ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá ṣe kọ́ wọn?"

Mo ní, "Òótọ́ ni."

"Òmíràn tún wà. Bàbá ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé. Láti ìgbà tí ohùn mi ti là ni wọ́n ti gbé mi sáàárín àwọn àgbà. Yúsúfù ló ń jókòó tì wọ́n láàárọ̀ tí wọ́n bá ń fa lẹ́tà fún àwọn kékeré. Èmi ń sùn nígbà yẹn."

Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tó kù fún un nìyẹn, tí ẹ ò sì jí i? Àbí ẹ rò pé àyè ṣì wà? Àbí ohùn náà dùn mọ́ ẹ̀yin náà nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi gbàgbé, bí gbogbo wa ṣe gbàgbé? Mo bi yín, ẹ ń wo òkè àjà.

Mo sọ fún un pé mi ò wá bẹ̀ ẹ́ kó wá gba awọ. Mo ní wàláà rẹ̀ ni kò tíì fọ̀, kó wá padà jókòó. Ó ní, "Ta ló kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ yẹn?" Mo ní Ìyá ni. Ó ní òun ti mọ̀ pé kò lè jẹ́ èmi.

Ó tẹ̀lé mi bọ̀. Yúsúfù rí i, ó dìde kúrò lórí awọ wàrà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó sàn kí n padà sí oko bàbá mi, kí ọ̀rọ̀ yìí má di ìjà ọmọ ìyá." Mo ní kí ẹnikẹ́ni má lọ síbì kankan. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, Sálíù a jí, a jókòó ti Yúsúfù láàárín àwọn ọmọ kékeré, a máa wò bó ṣe ń fa lẹ́tà, bó ṣe ń dúró de ọmọ. Nírọ̀lẹ́, Sálíù a gba àwọn ńlá. Ó lọ́ra. Àwọn ọmọ ò dún bí wọ́n ṣe ń dún tẹ́lẹ̀, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà báyìí. Òbí méjì ti wá bi mí bóyá ilé kéwú wa ti tú. Mo ní kí wọ́n pe ọmọ wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí ibi tó bá wù wọ́n lórí wàláà. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó ń jókòó lórí awọ yín. Bàbá Kékeré bi mí ní Jímọ̀ tó kọjá.

"Ta ló wá ni awọ báyìí?"

"A ò tíì mọ̀."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá Kékeré."

Wọ́n wo ojú mi bíi pé ara mi ò dá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Sálíù ti lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé obì wá.

Mo ti sọ ohun tí màá bi àwọn ọmọ fún Sálíù, gbogbo rẹ̀, láìku ẹyọ kan: màá tọ́ka, màá ní kí wọ́n kọ ọ́ sí yanrìn, màá fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọn ò rí rí kí wọ́n fi lẹ́tà tí wọ́n mọ̀ kà á. Lánàá mo tètè dé láti ìdíkọ̀, mo bá a nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú Sáfú àti Rálíà àti àwọn mìíràn. Mo mú ọwọ̀ dání. Ó gbójú sókè, ó rí ọwọ̀ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ. Kò tíì yá. Tó bá yá, màá pè yín."

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá. Ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sọ irú ìyẹn fún mi kó lọ ní àlàáfíà.

Mo lọ. Lónìí, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, tí mò ń kọ ìwé yìí, mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tíì pè mí.

Èmi ni, àkọ́bí yín tí kò mọ dídúró, tó sì ń dúró.